Ọkàn àlejò nínú ara onílé: kí ló ń bí ara nínú tó fi ń kọ̀ ọ́?

Ọmọkùnrin tó ń bá mi rán bàtà ní Ọjà Jagun, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ó rí fídíò kan lórí fóònù rẹ̀ nípa àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó gbé ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ sínú àyà èèyàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkàn yẹn ń lù o. Wọ́n fi hàn wá, mo fojú ara mi rí i. Kí ló wá pa ọkùnrin náà lẹ́yìn oṣù méjì?" Kí n tó lanu, màmá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dá a lóhùn: "Ara rẹ̀ ò gbà á ni."

Ìdáhùn màmá sún mọ́ òtítọ́ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n "ara" tí gbogbo wa ń pè yìí, ta ni í ṣe gan-an? Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ọkàn tó dé yìí kì í ṣe ti òun, nígbà tí ọkàn náà ń ṣiṣẹ́ tó yẹ kó ṣe, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà?

Èdè wa náà ń dá kún ìṣòro àlàyé yìí. Ọkàn ni ohun tó ń lù láyà, ọkàn náà la fi ń gbèrò, òun náà la fi ń fẹ́ràn èèyàn. Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan ń bèèrè bóyá ẹni tó bá gba ọkàn olè á máa jalè. Rárá o. Èyí tí mò ń sọ níbí ni ẹran ara tó tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ olówó rẹ̀, tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé tó sì ń tì í jáde ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, Christiaan Barnard yọ ọkàn Denise Darvall, ọ̀dọ́mọbìnrin tí mọ́tò gbá, ó sì gbé e sí àyà Louis Washkansky, ẹni tó ti lé ní ọdún 50. Ọkàn náà lù. Ọjọ́ 18 péré ni Washkansky lò lẹ́yìn rẹ̀. Òtútù àyà ló pa á, ọkàn tuntun náà kọ́. Wọ́n ti fi oògùn de àwọn ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà kọ ọkàn, kòkòrò àìsàn sì gba ẹnubodè tí kò ní aṣọ́nà wọlé. Ní ọdún 1968, ó lé ní 100 irú iṣẹ́ abẹ yìí tí wọ́n ṣe káàkiri ayé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn náà ò pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì jáwọ́. Norman Shumway ní Stanford wà lára àwọn díẹ̀ tí kò jáwọ́.

Abẹ́rẹ́ àti okùn ò ṣòro fún wọn nígbà náà. Ohun tí wọn ò tíì mọ̀ ni bí wọ́n ṣe máa bá ẹ̀ṣọ́ ara sọ̀rọ̀.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá rí gọ̀ǹbọ́ tàbí àbàjà lójú èèyàn á ti mọ ibi tó ti wá kí onítọ̀hún tó kí i. Sẹ́ẹ̀lì inú ara náà kọlà. Àwọn pùrótéènì kan wà lójú wọn tí wọ́n ń pè ní HLA. Jean Dausset, ọmọ Faransé, ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 1958, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1980. Apá kan ilà yìí wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, apá kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nínú ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ẹnìkan nínú mẹ́rin ni ilà tirẹ̀ lè bá tèmi mu délẹ̀. Láàárín èmi àti ẹni tí kì í ṣe ẹbí mi, kí á má tilẹ̀ sọ ọ́.

Ìbejì ńkọ́? Ìbejì tó ti ara ẹyin kan ṣoṣo jáde ní ilà kan náà. Ìdí nìyí tí kíndìnrín tí Joseph Murray gbé láti ara ìbejì kan sí èkejì ní Boston ní ọdún 1954 fi ṣiṣẹ́, láìsí oògùn kankan tó ń de ẹ̀ṣọ́ ara. Ṣùgbọ́n kí àwa ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí a ní Igbó-Ọrà má tíì yọ̀. Ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìbejì wa ti wá, nítorí náà ilà Táyé àti Kẹ́hìndé wọ̀nyí lè yàtọ̀ bíi ti ọmọ ìyá méjì tí wọ́n bí lọ́dún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọlọ́run ò fi ilà yìí síbẹ̀ láti yọ oníṣẹ́ abẹ lẹ́nu. Àtẹ ni. Gbogbo ìgbà ni sẹ́ẹ̀lì ń gé díẹ̀díẹ̀ lára ohun tó wà nínú rẹ̀, tó ń tò ó sórí àtẹ yìí síta kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń kọjá lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀ṣọ́ bá rí ẹrù kòkòrò lórí àtẹ, ó mọ̀ pé kòkòrò ti wọ ilé yẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ni sẹ́ẹ̀lì T. Ọkàn àlejò wá dé, àtẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣàjèjì, ohun tó wà lórí rẹ̀ náà ṣàjèjì. Sẹ́ẹ̀lì T tó ń dìde sí kòkòrò kan pàtó kò tó nǹkan rárá, ṣùgbọ́n sí ilà ẹlòmíràn, 1 sí 10 nínú 100 ló lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ogun ìlú gbogbo nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ojúṣe dókítà ò ju kó wá ẹni tí ilà rẹ̀ bára mu lọ. Àwọn tó ń pààrọ̀ kíndìnrín ń gbìyànjú ìyẹn. Ọkàn ò ráyè. Wọ́n á rí i pé irú ẹ̀jẹ̀ bára mu, pé ọkàn náà ò kéré jù fún àyà tó ń lọ, pé ẹni tó fẹ́ gbà á ò ti ní àǹtíbọ́dì (pùrótéènì tí ara ń rọ láti fi gbógun ti àlejò) tó lòdì sí ilà yẹn, ó parí. Aago ń lọ.

Aago yìí gan-an ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni èrò àwọn onímọ̀ ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé ara ń kọ ọkàn àlejò nítorí pé ó jẹ́ àlejò. Ní báyìí wọ́n mọ̀ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọkàn náà ń dé pẹ̀lú ọgbẹ́, ọgbẹ́ yẹn ló sì ń pariwo tí ẹ̀ṣọ́ fi ń yọjú wo ilà.

Ọgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ni ọkàn. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú ni wọ́n sábà ń yọ ọkàn rẹ̀. Bí ọpọlọ bá ṣe ń kú lọ, ó máa ń tú adrenaline, kẹ́míkà ìpayà tó ń mú ọkàn sáré, dà sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni da omi garawa, ọkàn á sáré àsápajúdé. Kí ọ̀bẹ tó kàn án rárá, ó ti jìyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi tútù tó ní potassium sí i kó lè dáwọ́ lílù dúró, wọ́n á sì gbé e sínú kúlà yìnyín. Láti ìgbà yẹn, wọn kì í fẹ́ kó kọjá wákàtí 4. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti gáréèjì wa lọ sí Èkó rí mọ̀ bí wákàtí 4 ṣe ń tán kí èèyàn tó gbójú sókè.

Nínú yìnyín, ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì mọ́, ọ́síjìn ò sí. Inú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ilé agbára kéékèèké tó ń jẹ́ mitochondria wà, wọ́n ń ṣe ATP tí gbogbo iṣẹ́ ara ń ná bí owó. Láìsí ọ́síjìn, ATP ń tán lọ. Ẹ̀rọ tó ń ti iyọ̀ àti calcium jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì á dẹ ọwọ́. Ásíìdì á máa pọ̀ sí i. Ohun kan tó ń jẹ́ succinate á sì máa kóra jọ síbẹ̀ bí igi gbígbẹ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣáná sí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe inú yìnyín ni ìpalára tó burú jù ti ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà dé ni. Ẹni tí NẸ́PÀ ti mú iná lọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n wá dá a padà lójijì tó jó fíríìjì mọ́lẹ̀, mọ ohun tí mò ń sọ: àìsí iná ò ba fíríìjì jẹ́, dídé rẹ̀ ló bà á jẹ́. Dókítà á ran iṣan mọ́ iṣan tán, á tú ìdè, ẹ̀jẹ̀ pupa á ya wọlé. Gbogbo inú yàrá á máa yọ̀ pé ọkàn ti ń lù. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn, mitochondria á sun gbogbo succinate yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ́síjìn tó yẹ kó mú agbára wá á sì di èyí tó ya wèrè, tó ń bu ohunkóhun tó bá kàn jẹ: ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì, pùrótéènì, DNA. Calcium á ya wọlé. Ihò á là lára mitochondria fúnra wọn. Sẹ́ẹ̀lì kan á kú, òmíràn á bẹ́.

Ikú méjèèjì yìí yàtọ̀ síra. Sẹ́ẹ̀lì tó kú wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń di ẹrù ara rẹ̀ kéékèèké, àwọn agbálẹ̀ inú ara á wá kó o, aládùúgbò kankan ò ní gbọ́. Èyí tó bẹ́ ń da gbogbo ẹrù inú ilé sójúde: ATP tó kù, pùrótéènì kan tó ń jẹ́ HMGB1 tí ibùgbé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ DNA, àti DNA inú mitochondria pàápàá. Èyí tó kẹ́yìn yìí burú, nítorí pé láti ara bakitéríà ni mitochondria ti ṣẹ̀ wá ní ìgbà ìwáṣẹ̀. DNA wọn ṣì jọ ti bakitéríà. Ara rí i lójúde, ó rò pé kòkòrò ló wọlé.

Àwọn agogo ìkìlọ̀ kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ TLR. TLR4 máa ń gbọ́ HMGB1, TLR9 máa ń gbọ́ DNA tó jọ ti bakitéríà. Bí agogo bá dún, ońṣẹ́ kan tó ń jẹ́ NF-κB á wọ ìdí DNA sẹ́ẹ̀lì lọ, á sì ní kí wọ́n máa ṣe TNF, IL-1 àti IL-6. Àwọn wọ̀nyí ni aroko tí sẹ́ẹ̀lì ń fi ránṣẹ́ síra wọn pé ogun dé. Ohun tí gbogbo rẹ̀ ń bí ni àwọn dókítà ń pè ní inflammation: ibẹ̀ wú, ó pọ́n, ó gbóná, ó ń ro ni. Èmi yóò máa pè é ní ìbínú ara, nítorí a máa ń sọ pé ara ẹnìkan ń bínú sí oògùn tàbí sí oúnjẹ, ó sì bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí mu gẹ́lẹ́.

Awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yí padà. Tẹ́lẹ̀ ó ń yọ̀ bí ilá, sẹ́ẹ̀lì tó bá ń kọjá á kọjá lọ ni. Tí ìbínú ara bá dé, ó máa ń na ìkọ́ jáde, selectin, ICAM-1, VCAM-1, kó lè máa fa àwọn tó ń kọjá. Neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, ló kọ́kọ́ ń há sí i. Àwọn yìí ò mọ ilà, wọn ò sì bìkítà. Ẹni tí wọ́n bá bá nílé ni wọ́n ń lù. Wọ́n á tú oró tí wọ́n fi ń pa kòkòrò sí ara ọkàn tí kò ní kòkòrò.

Gbogbo ọmọ Ajílété ló mọ ìtàn Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ̀ dó sí ìdí igi àjàgbọn. Ìgbà tó wà ní àtìmọ́lé Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé ni Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da ìlú láàmú. Ògúnlọlá jáde lọ bá a, ó pa á. Kò wá sọ lẹ́nu lásán pé òun ti pa á. Ó gé orí rẹ̀, ó gbé e wá síwájú ọba. Orí ni ẹ̀rí. Láti ara ìtàn yẹn ni wọ́n ti ń pe ìlú wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ara náà ní ọdẹ bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì dendritic ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rìn kiri nínú ẹran ara, kó mú èérún ohun tó bá rí, kó sì gbé e lọ sí ààfin. Ààfin yìí ni àwọn kókó tí sẹ́ẹ̀lì T ń kóra jọ sí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: òun ni kókó tó máa ń yọ ní abẹ́ itan nígbà tí egbò bá wà lẹ́sẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ ọkàn, oríṣi ọdẹ méjì ló ń wọ ààfin. Àwọn kan bá ọkàn àlejò wá, wọ́n kọ ilà àlejò sójú gedegbe, wọ́n sì rìn wọ ààfin onílé fúnra wọn. Ìwọ̀nyí ló sábà ń dá ìjà àkọ́kọ́ sílẹ̀, wọn kì í sì pẹ́ láyé. Àwọn kejì jẹ́ ti onílé, wọ́n gé èérún ilà àlejò, wọ́n tò ó sórí àtẹ tiwọn. Àwọn wọ̀nyí ò ní tán láéláé, nítorí náà ìjà tiwọn lè máa jò lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ níbí. Orí nìkan ò tó. Sẹ́ẹ̀lì T tó rí ilà àjèjì láìrí nǹkan mìíràn kì í jà. Ńṣe ló máa ń sùn, ó sì lè máà jí sí ilà yẹn mọ́. Ó nílò àmì kejì: ọdẹ náà gbọ́dọ̀ yọ CD80 tàbí CD86 síta kó fi kan CD28 tó wà lára sẹ́ẹ̀lì T. Ìgbà wo ni ọdẹ ń yọ àmì kejì yìí síta? Ìgbà tó bá ti gbọ́ agogo ìkìlọ̀. Bí ọgbẹ́ inú yìnyín àti dídé ẹ̀jẹ̀ ò bá lu agogo, ọdẹ lè gbé orí dé ààfin kí ọba wò ó, kó ní kí wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀. Ibi tí jíjẹ́ àlejò àti fífara pa ti pàdé nìyí, òun ló sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ máa lé ọgbẹ́ wákàtí àkọ́kọ́ kiri nígbà tí wọ́n ń wá ìdí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

(Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo sẹ́ẹ̀lì T ṣá o. Àwọn kan ti jagun rí, wọn kì í dúró de àmì púpọ̀. Ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára rí lè ní àǹtíbọ́dì tó lòdì sí ilà ẹlòmíràn. Abiyamọ náà bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo oyún tó bá gbé ló gbé ilà bàbá ọmọ wọnú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi máa ń ṣòro jù láti rí ọkàn tó yẹ ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà.)

Sẹ́ẹ̀lì T tó bá ti gba àmì méjèèjì á ṣe IL-2, aroko tó ń ní kí wọ́n pọ̀, á máa pọ̀ sí i, ọ̀kan á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n á jáde kúrò ní ààfin, wọ́n á máa gbọ́ òórùn CXCL9 àti CXCL10 tí ọkàn tó ń bínú ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, òórùn yẹn ni wọ́n á tẹ̀ lé débẹ̀. Àwọn tó ń jẹ́ CD8 ni apànìyàn. Wọ́n ń fi perforin lu ihò sára sẹ́ẹ̀lì ọkàn, wọ́n ń gba ihò yẹn ti granzyme wọlé, sẹ́ẹ̀lì á sì kú. Àwọn CD4 ń tú interferon-gamma, èyí tó ń mú kí ọkàn tò àtẹ púpọ̀ sí i síta, tó tún ń pe macrophage, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò mì, wá. Ẹ wo àrékérekè ibẹ̀: bí wọ́n bá ṣe ń lù ú tó ni ilà rẹ̀ ń hàn tó, bí ilà rẹ̀ bá sì ṣe ń hàn tó ni wọ́n ń lù ú tó.

Ọ̀nà kejì gba inú àǹtíbọ́dì. CD4 á ran sẹ́ẹ̀lì B lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì B á rọ àǹtíbọ́dì tó bá ilà àlejò mu, wọ́n á lẹ̀ mọ́ awọ inú iṣan ọkàn, wọ́n á sì jí ọ̀wọ́ pùrótéènì kan tó ń jẹ́ complement. Àwọn yìí ń jí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí èyí tó kẹ́yìn fi lu ihò sára sẹ́ẹ̀lì. Ẹyọ kan nínú wọn, C4d, máa ń ṣẹ́ kù síbẹ̀ bí eérú lẹ́yìn iná. Bí àǹtíbọ́dì bá ti wà nílẹ̀ kí ọkàn tó dé, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí mélòó kan ti tó, ọkàn á dúdú lójú àwọn tó ń ràn án mọ́ ara.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í pariwo. Ọdún á gorí ọdún, ìbínú ara tí kò kú tán á máa mú kí awọ inú iṣan ọkàn ki sí i yípo-yípo, títí ihò iṣan á fi tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọdún 10, nǹkan bí ìdajì àwọn tó gba ọkàn ló ń ní i. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ń dí máa ń mọ̀ ọ́n, àyà á máa dùn ún. Ti ẹni tó gba ọkàn yàtọ̀, nítorí pé wọ́n ti gé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára nígbà tí wọ́n yọ ọkàn náà, wọn ò sì lè rán an padà. Ọkàn lè máa kú lọ kí olówó rẹ̀ máa jẹun.

Báwo ni oògùn ṣe ń ṣe é? Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti hú èyí tó pọ̀ jù, bí ẹni hú iṣu. Cyclosporine wá láti ara olú kékeré kan nínú erùpẹ̀ Hardangervidda ní Norway. Jean-François Borel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ oògùn Sandoz rí i pé ó ń de sẹ́ẹ̀lì T láìpa á, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1983. Ìgbà yẹn ni àwọn ilé ìwòsàn tó ti jáwọ́ padà wá. Tacrolimus wá láti inú erùpẹ̀ Tsukuba ní Japan, sirolimus láti erékùṣù Rapa Nui. Cyclosporine àti tacrolimus ń di calcineurin lọ́wọ́, pùrótéènì tó yẹ kó ní kí sẹ́ẹ̀lì T ṣe IL-2. Aroko kọ, ońṣẹ́ ò jáde. Mycophenolate ń jẹ́ kí ó ṣòro fún sẹ́ẹ̀lì T láti pọ̀ sí i. Prednisolone tí gbogbo wa mọ̀ ń pa NF-κB lẹ́nu mọ́. Lónìí, ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, ó lé ní 85 nínú 100 tó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀pọ̀ sì ń kọjá ọdún 12.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo wọn, yàtọ̀ sí prednisolone, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń dè, wọn ò fọwọ́ kan agogo. Kíndìnrín ń jìyà lábẹ́ wọn, àrùn ń ráyè, jẹjẹrẹ pàápàá. Wákàtí 12, wákàtí 12 ni wọ́n sábà ń lo tacrolimus, títí ayé, ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ lọ sókè tàbí sílẹ̀ jù. Ọsàn kan tó ń jẹ́ grapefruit ń gbé e sókè. Ewé kan tó ń jẹ́ St John's wort, tí àwọn òyìnbó ń mu bí àgbo fún ìbànújẹ́, ń fà á wálẹ̀. Wọ́n ti rí i lára àwọn tó gba ọkàn ní Switzerland pé ó mú cyclosporine wálẹ̀ tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọkàn. Mo fẹ́ràn àgbo, ìyá àgbà mi ló tọ́ mi dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń lo irú oògùn yìí, ì báà jẹ́ ti kíndìnrín, kó má mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lẹ́yìn dókítà rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ìjà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gba inú iṣan ọrùn ki wáyà kan bọ inú ọkàn, wọ́n á já ẹran tó kéré jù ẹ̀wà lọ lára rẹ̀, wọ́n á wò ó lábẹ́ maikirosikópù. Láti 2004, òdo sí 3 ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ọ̀nà tuntun rọrùn jù: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á wá DNA ẹni tó ni ọkàn tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá pọ̀ lójijì, sẹ́ẹ̀lì ọkàn ti ń bẹ́ nìyẹn. Ní ti aago, ẹ̀rọ kan ti wà tó ń jẹ́ kí ọkàn máa lù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lójú ọ̀nà dípò kúlà, kí wọ́n má baà fi ebi ọ́síjìn pa á ná kí wọ́n tó wá bọ́ ọ láyo lójijì. Àwọn mìíràn ń gbìyànjú láti dí IL-6.

Ó wá ku ẹlẹ́dẹ̀. Ọkùnrin inú fídíò yẹn ni David Bennett, ní University of Maryland, ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2022. Wọ́n ti tún jíìnì 10 ṣe lára ẹlẹ́dẹ̀ náà. Wọ́n pa mẹ́ta rẹ́ tó ń fi àwọn ṣúgà kan sára sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́dẹ̀, nítorí ara wa ti ní àǹtíbọ́dì tó lòdì sí àwọn ṣúgà yẹn. Wọ́n pa ọ̀kan kí ọkàn má baà dàgbà jù. Wọ́n wá fi mẹ́fà ti èèyàn sí i: méjì láti dá complement dúró, méjì kí ẹ̀jẹ̀ má dì, méjì láti pẹ̀tù sí ìbínú ara. Ìjà ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ò wáyé rárá. Bennett kú ní oṣù Kẹta. Wọ́n rí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ẹlẹ́dẹ̀ kan lára rẹ̀, wọ́n sì rí i pé awọ inú iṣan ọkàn náà ti bàjẹ́. Ó jọ pé àǹtíbọ́dì tí wọ́n fún un láti fi wò ó wà lára ohun tó dá kún un. Lawrence Faucette tó gba èkejì ní oṣù Kẹsàn-án 2023 lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti òun sì fi àmì hàn pé ara kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ìdáhùn màmá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ bá Faucette mu ju Bennett lọ.

Nílé wa níbí ní Nàìjíríà, iṣẹ́ abẹ ọkàn lílà kọ́kọ́ wáyé ní Enugu ní 1974, a sì ti ń pààrọ̀ kíndìnrín láti ọdún 2000. Òfin ìlera ọdún 2014 ti sọ bí wọ́n ṣe lè gba ẹ̀yà ara lọ́wọ́ ẹni tó ti kú. Ohun tó ń ba ọkàn wa jẹ́ jù ni ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn rẹ̀ sì wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísí kọ̀ọ̀kan láti ibí dé Ọ̀yọ́, kò béèrè ilà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọkùnrin náà, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ nínú bàtà mi. Èyí tó dì mú nínú rẹ̀ ni ti iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n gé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá wá dẹ́rù bà á, ṣé àyà rẹ̀ á já?"

Mo ní á já, àmọ́ á pẹ́ díẹ̀. Ìròyìn ò lè gba orí iṣan lọ mọ́. Ó di dandan kí adrenaline wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó yí ara po, kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkàn.

Ó já okùn náà pẹ̀lú eyín. Ó ní, "Á jẹ́ pé ẹni tó dẹ́rù bà á á ti sá lọ."